Ṣé wọ́n jí ìbò lóòótọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀sùn màgòmágó ìbò àti ohun tó ń mú wa gbà á gbọ́

Láti òpin ọdún 2020 ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé sórí fóònù mi. Àwọn ẹbí tó wà ní Houston àti Maryland ń bi mí, àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ náà ń bi mí. Kódà, àwọn ti ilé ló máa ń gbóná jù lórí ọ̀rọ̀ Trump, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè dìbò ní Amẹ́ríkà. Ó ti sú mi láti máa fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣe kó ìbéèrè wọn jọ síbí, bí wọ́n ṣe béèrè wọn gan-an.

Má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ṣé wọ́n jí ìbò ọdún 2020 mọ́ Trump lọ́wọ́ àbí wọn ò jí i?

Wọn ò jí i. Biden ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 81, Trump ní èyí tó lé ní mílíọ̀nù 74. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe iye orí ló ń sọni di ààrẹ, ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ ni. Níbẹ̀, Biden ní 306, Trump ní 232. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni ìjà dá lé: Arizona, Georgia, Michigan, Nevada, Pennsylvania àti Wisconsin.

Ẹ jẹ́ ká mú Georgia. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti ka ìbò, wọ́n fi ọwọ́ ka ìwé ìdìbò tó tó mílíọ̀nù 5 lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n tún fi ẹ̀rọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Biden náà ni. Ìbò 11,779 ló fi lé Trump níbẹ̀. Brad Raffensperger tó bójú tó ìdìbò ìpínlẹ̀ náà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tí Trump wà ni, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé Trump lòun dìbò fún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2021, Trump pè é lórí fóònù, ó ní kó bá òun wá ìbò 11,780. Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Ẹyọ kan péré ló fi ju iye tí Biden fi lé e lọ. Ẹni tó ń wá òtítọ́ kì í mọ iye tó fẹ́ rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

William Barr, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tí Trump fúnra rẹ̀ yàn sípò, ti sọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé àwọn ò rí màgòmágó tó lè yí èsì ìdìbò náà padà.

Ojú mi ló ṣe o. Trump ló wà níwájú nígbà tí mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, Biden ti gba iwájú. Kí ni wọ́n ṣe lóru?

Ìbò ni wọ́n ń kà. Ọdún kòrónà lọdún náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ dúró lórí ìlà, wọ́n fi ìwé ìdìbò wọn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Trump sì ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sọ fún àwọn tirẹ̀ pé irú ìbò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ibùdó ìdìbò. Àwọn alátìlẹ́yìn Biden ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lo ìfìwéránṣẹ́. Òfin Pennsylvania àti ti Wisconsin kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣí àpòòwé kankan kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́. Ẹ máa ya àpòòwé, ẹ máa yẹ orúkọ wò, ẹ máa tẹ́ ìwé kó tó lè wọ ẹ̀rọ: iṣẹ́ òru mọ́jú ni. Ti ojúkorojú ló kọ́kọ́ jáde, ti inú àpòòwé tẹ̀lé e. Ní Milwaukee, nǹkan bí 170,000 irú ìbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kéde papọ̀ ní ìdájí. Lójú ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ni iye Biden fò sókè bí ẹni tí ejò lé.

Ní Arizona, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Biden ló kọ́kọ́ wà níwájú níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ka ìyókù, Trump ń lé e bá lójoojúmọ́. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń pariwo òru sọ pé èyí náà jẹ́ màgòmágó.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú rẹ̀. Nínú ìbò gómìnà oṣù Keje ọdún 2022, INEC kéde pé Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Oyètọ́lá lọ sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò kó tó dìbò, tí INEC fún un nígbà tí àwọn ẹ̀rọ kan kò tíì fi gbogbo iye wọn ránṣẹ́ tán. Nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ìbò pọ̀ ju èèyàn lọ ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Oyètọ́lá láre ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ti Adélékè ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Àwọn ẹ̀rọ kan náà ni, àwọn olùdìbò kan náà ni. Wákàtí tí wọ́n wo ìwé ló yàtọ̀.

Fídíò Atlanta ní Georgia ńkọ́? A rí i tí wọ́n fa àpótí jáde lábẹ́ tábìlì nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ti lọ.

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ó ní èèyàn nínú. Ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò náà, àwọn òṣìṣẹ́ rò pé iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà, wọ́n kó ìwé ìdìbò tí wọn ò tíì kà sínú àpótí, wọ́n ti àpótí sábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé kí wọ́n má lọ o, kí wọ́n máa kà á lọ. Wọ́n bá fa àpótí wọn padà jáde. Àwọn olùwádìí ìpínlẹ̀ wo fídíò náà láti òkè délẹ̀, wọ́n rí ìgbà tí wọ́n ń kó o wọlé, wọ́n rí ìgbà tí wọ́n ń kó o jáde. Apá ìkẹyìn nìkan ni àwọn tó pín in kiri gé.

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Rudy Giuliani, agbẹjọ́rò Trump, sọ níwájú àwọn aṣòfin pé wọ́n ń gbé nǹkan tí wọ́n fi ń kó dátà fún ara wọn bí àwọn tó ń ta kokéènì. Ohun tí ìyá gbé fún ọmọ rẹ̀, súwíìtì alátalẹ̀ ni. Àwọn èèyàn halẹ̀ ikú mọ́ wọn, ìyá sá kúrò nílé rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí Giuliani san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún wọn.

Mo ti fi ìtàn súwíìtì yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àmọ́ ẹnì kan nínú wọn fi fídíò míì ránṣẹ́.

Wọ́n ní ilé ẹjọ́ kọ̀ láti wo ẹ̀rí ni.

Àwọn adájọ́ kan sọ pé ẹni tó pẹjọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti pè é, òótọ́ ni. Àwọn míì wo ẹ̀rí. Ní Nevada, adájọ́ gba ẹ̀rí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò tó nǹkan kan. Ní Wisconsin, adájọ́ tí Trump yàn sípò gbọ́ ẹjọ́ náà dé gbòǹgbò, ó sì dájọ́ pé Trump kò jàre. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lé ní 60, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pàdánù. Stephanos Bibas, adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí Trump fúnra rẹ̀ yàn, kọ ọ́ pé kéèyàn sọ pé ìdìbò kò tọ́, ìyẹn kò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ ní àlàyé pàtó, kó sì ní ẹ̀rí, àwọn kò sì rí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún àwọn oníròyìn kọ́ ni wọ́n ń sọ fún adájọ́. Ní Pennsylvania, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Giuliani tó ti ń pariwo jìbìtì káàkiri dé iwájú adájọ́, ó ní ẹjọ́ àwọn kì í ṣe ẹjọ́ jìbìtì. Agbẹjọ́rò mọ̀ pé irọ́ nílé ẹjọ́ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ṣé o fẹ́ sọ pé kò sí màgòmágó rárá ní Amẹ́ríkà ni?

Ó wà. Lọ́dún 2018, ní ẹkùn ìdìbò kẹsàn-án North Carolina, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún olùdíje Republican kó àwọn èèyàn jọ láti máa gba ìwé ìdìbò inú àpòòwé lọ́wọ́ àwọn olùdìbò nílé wọn. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba, wọ́n sì tún ìbò dì. Lórí ti ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ìròyìn AP wádìí ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí mo dárúkọ lókè: ìbò tó ní ìfura jìbìtì nínú kò tó 475 ní gbogbo wọn lápapọ̀. Trump sọ fún Raffensperger pé òkú tó dìbò ní Georgia fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Mẹ́rin ni wọ́n rí.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ìjọba lọ́nà tó tọ́ àti ẹni tí ìgbàgbọ́ ọ̀tẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ti wọ̀ lára?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní òkè òkun máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní wọ́n jí ìbò, nǹkan ti ṣe é lórí. Ọmọ Yorùbá kan kò lè gba ìyẹn. Ìbò ìwọ̀ oòrùn ọdún 1965 ló bí wẹ́tìẹ̀. Lọ́dún 1983, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde Ọmọ́bóríowó ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, Àkúrẹ́ gbiná, ilé ẹjọ́ sì dá ipò padà fún Ajáṣin. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, a dìbò, wọ́n fagi lé e lójú gbogbo ayé. Yar'Adua fúnra rẹ̀ gbà, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un lọ́dún 2007, pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Nínú ìbò ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gba ipò fún Mímìkò ní Òǹdó, fún Fáyẹmí ní Èkìtì, àti fún Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun. Ti Arẹ́gbẹ́ṣọlá yẹn gba ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ kí ìdájọ́ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010.

Ẹ̀sùn ni gbogbo ìyẹn náà. Ẹgbẹ́ ńlá kan ti gbìmọ̀ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ̀sùn nìkan kọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí wàá fi gbà pé ẹni rẹ fìdí rẹmi. Àwọn tó bá Arẹ́gbẹ́ṣọlá lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìdáhùn sí i: ẹ kó ìwé ìdìbò jáde, ẹ jẹ́ ká kà á, ẹ pe ẹlẹ́rìí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí náà lè pa wọ́n lára. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ẹ wá wo Arizona. Àwọn aṣòfin Republican gbé ìwé ìdìbò agbègbè Maricopa, tó lé ní mílíọ̀nù 2, fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cyber Ninjas. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé wọ́n jí ìbò. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kà á. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìbò Biden fi 99 lé sí i, ti Trump fi 261 dín kù. Àwọn tó ní kí wọ́n kà á kò sọ pé ó ti tán. Wọ́n ní ìwé fúnra rẹ̀ ni kò dára. Trump sì ti sọ ní Wisconsin ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí ìdìbò ṣì ku oṣù méjì ó lé, pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn lè gbà fìdí rẹmi ni kí wọ́n ṣe màgòmágó. Ẹni tó bá ti sọ ìyẹn kò nílò èsì mọ́.

Ṣùgbọ́n àwa tí ojú wa ti rí màbo, ṣé kì í ṣe pé a lójú inú ju àwọn òyìnbó lọ ni?

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Kò burú bó bá sá. Ó kàn jẹ́ pé ekòló ni.

Ní ilẹ̀ wa, ibi tí wọ́n ti ń ba ìbò jẹ́ jù ni ibi àkójọpọ̀ èsì, níbi tí ọwọ́ díẹ̀ ti lè yí nọ́ńbà ibùdó púpọ̀ padà, nítorí pé àjọ kan ṣoṣo ló ń ṣe ìbò ààrẹ láti Sókótó dé Badagry. Amẹ́ríkà kò ní INEC. Àwọn ọ́fíìsì ìbílẹ̀ bíi 10,000 ló ń ṣètò ìdìbò, oníkálùkù pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ àti òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí i ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà gbọ́dọ̀ bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì mulẹ̀, Republican àti Democrat, kí ẹnikẹ́ni má sì tú àṣírí náà títí dòní. Ẹ ronú nípa ìgbà tí ẹ gbìyànjú láti ṣètò ọjọ́ ìbí ìyàlẹ́nu fún ẹnì kan nínú ẹbí.

Kí ló wá ń mú kí orí pípé gba irú nǹkan báyìí gbọ́?

Àwọn baba wa ní òwe kan tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíì: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá lórí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Nǹkan méjì tó tẹ̀ léra, ọkàn wa á so ó pọ̀. Kò jọ pé ó so ó. Ó jọ pé ó rí i. Ilẹ̀ ṣú, nọ́ńbà yí padà. Ta ni kò mọ̀?

Ọkàn kì í sì í fẹ́ kí ìdí kékeré bí nǹkan ńlá. Nígbà tí ìbọn ẹnì kan ṣoṣo pa Kennedy lọ́dún 1963, ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ààrẹ tó tóbi tó yẹn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ńlá ló pa á. Bákan náà ni pé òfin àpòòwé ní Pennsylvania ló fa gbogbo ariwo òru yẹn: ó kéré jù fún ohun tó dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Karen Douglas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Kent kọ ọ́ lọ́dún 2017 pé àìní mẹ́ta ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀: a fẹ́ mọ ìdí nǹkan, a fẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ pé ayé wa kò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a sì fẹ́ kí ara wa àti ẹgbẹ́ wa níyì lójú wa. Ìkẹta yìí ni mo rò pé ó wúwo jù lórí ọ̀rọ̀ ìbò. Bí ẹgbẹ́ mi bá fìdí rẹmi, a jẹ́ pé àwọn aládùúgbò mi ò fẹ́ wa. Bí wọ́n bá jí i, àwa la ṣì pọ̀ jù, olè ló ṣẹ̀. Èwo ló rọrùn láti gbé sùn? Joseph Uscinski àti Joseph Parent, àwọn onímọ̀ òṣèlú, ti tẹnu mọ́ ọn nínú iṣẹ́ wọn pé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ti àwọn tó fìdí rẹmi ni. Ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àga, òun ni wọ́n á máa fi sùn. Bí ìjókòó bá yí, ẹ̀sùn náà á yí.

Ìgbà míì, òùngbẹ iyì yìí máa ń gba ibi tí a ò retí. Ẹni tó mọ àṣírí tí gbogbo ayé ò mọ̀, ó ti di ẹni ńlá. Mo ní àbúrò ìyá kan tí kò sẹ́ni tó ń béèrè èrò rẹ̀ nínú ẹbí títí di ọdún 2020. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ránṣẹ́, ìpàdé ẹbí ò bẹ̀rẹ̀ kó tó dé.

Àsọtúnsọ náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 1977, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hasher, Goldstein àti Toppino, ka gbólóhùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ pẹ̀lú irọ́, wọ́n sì tún àwọn kan lára rẹ̀ kà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn èyí tí wọ́n ti gbọ́ rí ló ń dà bí òótọ́ sí i létí wọn, yálà òótọ́ ni o tàbí irọ́. Ìyẹn ṣáájú WhatsApp, níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó jẹun àárọ̀ láti ẹnu èèyàn mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ràn.

Ṣé àwọn tí kò kàwé ló ń gbà á gbọ́?

Rárá. Agbẹjọ́rò, dókítà àti sójà àná wà lára àwọn tó wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2021. Ìwé kíkà tiẹ̀ lè fún èèyàn ní èdè tó dára láti fi gbèjà ohun tó ti fẹ́ gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣé àwọn ará Trump nìkan ló ń ṣe é ni?

Lọ́dún 2024, Trump wọlé, ẹ̀sùn sì yí ilé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan tó fẹ́ràn Kamala Harris ti ń sọ pé Starlink, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Elon Musk, ló yí ìbò padà, pé ìbò mílíọ̀nù 20 sọnù. Kò sọnù. Wọn ò tíì kà á tán ni, California máa ń pẹ́ ní kíkà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Harris fúnra rẹ̀ gbà ní ọjọ́ kejì ìdìbò pé òun fìdí rẹmi. Ẹ̀sùn tí olórí kò bá gbé, kì í pẹ́ kó tó rẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ọkàn gbogbo wa ló ní koríko gbígbẹ nínú, àmọ́ ẹnì kan ló ń ṣáná sí i.

Ṣé ẹ rántí Jíbríìlù ará Sudan? Buhari lo ọjọ́ 103 ní London lọ́dún 2017, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tó ń ṣe é. Àwọn kan ní ó ti kú, pé èèyàn míì ni wọ́n gbé wá. Ó di dandan fún ààrẹ orílẹ̀-èdè láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, pé òun gan-an nìyí. Ibi tí ìjọba bá ti pa ẹnu mọ́, ibẹ̀ ni àhesọ máa ń kọ́lé sí.

O ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìbò Nàìjíríà ọdún 2023 ńkọ́?

N kò yẹ̀ ẹ́. INEC ṣèlérí pé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò máa wọ IReV, ìkànnì tí gbogbo èèyàn ti lè wo èsì, bí wọ́n bá ti ń kà á tán. Lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, ti àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kò wọlé. INEC ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà fún ìbò ààrẹ. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ààrẹ ní oṣù kẹsàn-án àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ní àwọn tó pẹjọ́ kò fi ẹ̀rí tó tó hàn, àti pé IReV kì í ṣe ètò àkójọpọ̀ èsì lábẹ́ òfin.

Ìdájọ́ jáde, Tinubu jókòó. Ṣùgbọ́n n kò lè pe ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀rọ kan náà ń ṣiṣẹ́ fún ìbò kan tí kò ṣiṣẹ́ fún èkejì ní wèrè. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí mo kọ̀ ni ti ẹni tó ní òun mọ iye gan-an tí wọ́n jí, nípa èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Àbújá sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́ dénú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a sọ ọ́ tí kò ní dìjà?

Ẹ má ṣe é lórí gbàgede WhatsApp ẹbí. Ẹni tí wọ́n bá já nírọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀, iyì rẹ̀ ni yóò máa gbèjà, kì í ṣe ìbò mọ́. Ẹ pè é, ẹ kí i dáadáa, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló dá yín lójú jù?” Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ jọ tẹ̀ lé débi tó parí sí. Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò máa fò láti orí ẹ̀ka kan bọ́ sórí òmíràn.

Kí ẹ sì mú ẹ̀rí tó bá ohun tó sọ mu gan-an dání. Nínú ìwádìí kan tí Costello, Pennycook àti Rand gbé jáde lọ́dún 2024, èèyàn 2,190 bá ẹ̀rọ AI tó ń fèsì ọ̀rọ̀ sọ ohun tí oníkálùkù wọn gbà gbọ́, ẹ̀rọ náà sì ń dáhùn ohun tí wọ́n sọ gan-an, láìbínú, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìgbàgbọ́ wọn fi bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀, ó sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Ìdá 20 ni o. Ẹ má retí kó sunkún tọrọ àforíjì.

Ó dára jù kí ẹ ti bá a sọ ọ́ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ka ti ojúkorojú kọ́kọ́, nọ́ńbà á yí lóru, ẹnì kan á sì sọ pé wọ́n ń jí i.” Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ìwọ tó mọ̀ ọ́n tó báyìí, ṣé o ò gba irú rẹ̀ gbọ́ rí?

Mo ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, lọ́dún 2011. Abẹ́ igi kan ni ibùdó wa wà. Nígbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo fi iná fóònù kọ́ ọrùn. Mo máa gbé ìwé sókè, màá pe ẹgbẹ́, gbogbo èrò á máa ka nọ́ńbà tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a kà á tán, ó fi ẹyọ kan pọ̀ ju iye àwọn tó dìbò. Aṣojú ẹgbẹ́ kan ti fò sókè, ó ní àwa ọmọ ìjọba ti jẹun. A tún un kà. Nọ́ńbà 47 ni mo ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ó buwọ́ lu ìwé èsì, ó sì fún mi ní omi nínú ọ̀rá.

Olùdíje tí mo fẹ́ràn nínú ọkàn mi fìdí rẹmi ní ibùdó yẹn. Mo fi ọwọ́ mi kà á. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí a ń gbọ́ èsì gbogbo ìpínlẹ̀ náà lórí rédíò ní ilé àwọn agùnbánirọ̀, mo ní, “Wọ́n ti jí i.” Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá wò mí.

“Ṣebí ìwọ lo kà á?”

Mo ní kì í ṣe ibùdó tèmi ni mo ń sọ, àwọn tó kù ni.